"Once": Ẹ̀ẹ̀kan ni àbí Mọ́kànlá?

Níbi tí mo ti ń po oògùn ní Amẹ́ríkà, èdè Sípéènì nìkan ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn wa gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń já mi láyà lára ìgò oògùn: "once". Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀kan ni. Lédè Sípéènì, mọ́kànlá ni! Kí ẹnì kan lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà 11 lóòjọ́ ńkọ́?

Nítorí náà, "una vez al día", ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ni mo kọ́kọ́ kọ́. Ó tẹ̀ lé e, "¿Dónde le duele?", níbo ló ń dùn yín? Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni "le" yẹn, bíi "yín" tiwa. "Te" ni ti ọmọdé àti ojúgbà. Àwọn àgbà wọn kì í fojú kéré rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti jù báyìí lọ, mo máa ń pe ògbufọ̀ lórí fóònù. Èdè táṣẹ́rẹ́ lè pààyàn.

Àwa náà ńkọ́, tí a ń fi ọmọ ọdún 10 ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn dé? Ọmọ náà kò mọ ìyàtọ̀ inú rírun àti inú kíkún, ohun mìíràn sì wà tí ìyá kò ní sọ lójú ọmọ. Ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè fún ti Yorùbá.