Ta ló ń dá iye lé kajú Ògbómọ̀ṣọ́?

Bí oṣù kejì ọdún bá ti wọlé, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já, olóko kọ́ ló ń sọ iye tí yóò tà á. Alájàpá tó ń ti abúlé bọ́ sí abúlé ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ náà kọ́. Vietnam ni iye ọ̀hún ti ń wá. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ tó ń pa kajú ní Bình Phước, lápá gúúsù orílẹ̀-èdè náà, á sọ iye dọ́là tí agbára wọn ká lórí tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀rọ̀ náà á gba orí fóònù dé Èkó, àwọn ará Èkó á yọ owó ọkọ̀ àti èrè tiwọn, wọn á wá fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí aájẹ́ǹtì. Ìyá tó ń fi kóńgò wọn kóró lábúlé ló ń gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ó ju kìlómítà 11,000 lọ láti Èkó dé gúúsù Vietnam. Èdè ò pa wá pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òyìnbó kan náà ló jẹ gàba lórí wa, torí Faransé ni tiwọn. Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1976 ni ìjọba Nàìjíríà àti ti Vietnam bẹ̀rẹ̀ àjọṣe. Ogun tí Amẹ́ríkà bá wọn jà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù kẹrin ọdún 1975 ni. Níbí, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àlééfà lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed. Ìjọba ológun ìgbà náà kì í fi ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó ṣeré. Bí wọ́n ṣe gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ ajàjàgbara MPLA ní Angola nìyẹn. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọjà dé.

Igi kajú kì í ṣe tiwa, kì í ṣe tiwọn. Bràsíl ló ti ṣẹ̀ wá, àwọn Potogí ló sì gbé e dé Íńdíà àti Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Fún ìgbà pípẹ́, Íńdíà ló ń pa èyí tó pọ̀ jù láyé. Vietnam náà ti dúró síbi tí a dúró sí yìí rí: títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kóró tí wọn ò tíì pa ni wọ́n ń dì sápò tà fún Íńdíà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1986, èyí tí wọ́n ń pè ní Đổi Mới, ti la ọ̀nà fún aládàáni. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rọ ẹ̀rọ tiwọn, nígbà tí ọwọ́ obìnrin ni Íńdíà ṣì gbára lé. Ní 2006, wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ Íńdíà nínú títa kajú pípa sí òkè òkun, wọn ò sì tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní 2024, owó tó wọlé fún wọn nídìí rẹ̀ ju bílíọ̀nù 4 dọ́là lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ni pé kajú oko wọn kò tó ẹ̀rọ wọn jẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pa, Áfíríkà àti Cambodia ni wọ́n ti ń rà á.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwò náà ṣe rí, kó dúró ti àwọn tó ń rà á níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Wọn á bu kílò kan jọ láti inú àpò mélòó kan, wọn á ka kóró rẹ̀ (bó bá fi púpọ̀ lé ní 200, kóró wẹ́wẹ́ ni, inú oníbàárà kò ní dùn), wọn á wá gé e sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó funfun lọ́tọ̀, èyí tó ní àbààwọ́n lọ́tọ̀, èyí tó bu lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, wọn á ṣírò iye pọ́n-ùn tí ọmọ inú rẹ̀ yóò jẹ́ nínú àpò oníkílò 80. Bó bá pé 48, ara á yá gágá; bó bá wálẹ̀ sí 44, owó á máa já. Olóko tó ká a kó tó gbó, tàbí tí kò sá a kó gbẹ dáadáa, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú.

Ẹ tún ìṣirò yẹn wò ná. Pọ́n-ùn 48 kò ju nǹkan bíi kílò 22 lọ. Nínú kílò 80 tó gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ kọjá, tó wọkọ̀ ní èbúté Èkó, tó sì lò ju oṣù kan lọ lójú òkun, nǹkan bíi kílò 58 ló jẹ́ èèpo. Èèpo ọ̀hún kì í tún ṣe ohun àdànù. Epo inú rẹ̀, tó máa ń bó àwọn ọmọ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń sun kajú jẹ, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà àti bíréèkì mọ́tò.

Kí wá ni Vietnam ń tà fún wa? Ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù kan ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH pọ̀ sí, kí ẹ yí páálí Samsung sẹ́yìn. Ará Korea ló ni Samsung, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì fóònù wọn ni wọ́n ń tò ní Bắc Ninh àti Thái Nguyên, lápá àríwá Vietnam. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ta kajú san owó ilé-ìwé rẹ̀ lè máa fi fóònù Vietnam béèrè owó oúnjẹ nílé.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dòwò lọ́nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti fi Gáná ṣe ilé, títí dé Tamale lókè lọ́hùn-ún, kí ìjọba Busia níbẹ̀ tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èèyàn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó fi gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀, ìjọba kankan ò sì bá a gbà á padà. Ọ̀rọ̀ kajú kò le tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Ní 2018, iye kóró já lójijì lọ́jà àgbáyé, àwọn kan lára àwọn tó ń rà á ní Vietnam sì yẹ àdéhùn tí wọ́n ti bá àwọn ará Áfíríkà ṣe, nígbà tí ẹrù ti wà lójú omi. Ẹrù tó ti dé èbúté wọn, owó ìdúró rẹ̀ ń gorí ara lójoojúmọ́: ta ni ọlọ́jà Èkó yóò fẹjọ́ sùn? Lójú tèmi, irú ọjọ́ báyìí ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Vietnam wúlò fún, ju ọjọ́ àpèjẹ lọ.

Àwọn aládùúgbò wa ti gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, Orílẹ̀-èdè Benin kò fẹ́ kí kóró tí wọn ò tíì pa jáde mọ́. Glo-Djigbé, nítòsí Kùtọnu, ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti máa pa á, títí kan èyí tí àwọn Yorùbá èèyàn wa ń gbìn ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn kan níhìn-ín ń sọ pé kí Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi oṣù mẹ́fà de títa kóró òrí sí òkè òkun. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí.

Àmọ́ oṣù mẹ́ta, ó pọ̀ tán mẹ́rin, ni kajú fi ń jáde lóko. Láàárín àkókò yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ ra èyí tí yóò pa títí ọdún yóò fi yípo, owó báńkì ló sì máa fi rà á. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún 2025, 27.5% ni ìwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀, oníṣòwò tó lọ yáwó sì ń san ju ìyẹn lọ. Ní Vietnam, èlé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sábà tó 10%. Pẹ̀lú ìyàtọ̀ yìí, ẹni tó ń pa kajú ní Bình Phước lè sanwó ọkọ̀ òkun, kó sanwó ọkọ̀ èèpo mọ́ ọn, kí iye tó fẹ́ fún olóko sì tún ju ti ará ilé lọ.