Camry ‘Muscle’: Kí ni nọ́ńbà ‘horsepower’ tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ ń sọ gan-an?

Láti Ìdúmọ̀tà títí dé Ọbáléńdé, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó gbọ́ kí ẹnì kan fi ọdún tí wọ́n ṣe Toyota Camry pè é. Orúkọ ìnagijẹ ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Èyí tó jáde láàárín ọdún 2002 sí 2006 ni “Big Daddy”. Ti 2007 sí 2009 ni “Muscle”. Ti 2010 àti 2011 ni “Spider”. Ẹni tó bá wá fẹ́ ra tòkunbọ̀ á tún gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹni tó ń tà á: “Ẹ̀gbọ́n, V6 ni o! 268 horsepower!” Lójú ẹsẹ̀, owó ọkọ̀ á ti lọ sókè.

Kí wá ni nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí? Ṣé ó tó ohun téèyàn ń tìtorí ẹ̀ fowó kún owó?

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni

James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ṣàtúnṣe sí ẹ́ńjìnnì tó ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, ló fi iṣẹ́ ẹṣin díwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì, ní nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn. Ó fẹ́ káwọn oníbàárà ẹ̀ mọ iye ẹṣin tí ẹ́ńjìnnì kan lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Agbára ẹṣin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó watt 746.

Orúkọ “Muscle” ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, “muscle car” ni wọ́n ń pe àwọn ọkọ̀ tí kò tóbi jù, àmọ́ tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ̀ nínú, pàápàá láàárín ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970. Camry tiwa kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn wọn fún ẹni tó fẹ́ ra Camry.

Lọ́dún 1964, ilé iṣẹ́ Pontiac mú ọkọ̀ Tempest LeMans, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tó tó lítà 6.4 sínú ẹ̀, wọ́n pè é ní GTO. Nígbà náà, GTO kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀tọ̀. Àfikún tí oníbàárà ń sanwó lé ni. Agbára ẹṣin 325 ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó sí i fún kábúrétọ̀ mẹ́ta á gba 348. Orúkọ kan náà, nǹkan tó wà nínú wọn yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “Muscle” ti Èkó rí. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 4-plug, lítà 2.4, agbára ẹṣin 158 ni. Èyí tó jẹ́ V6, lítà 3.5, ló ní 268. Ìyàtọ̀ náà lé ní ọgọ́rùn-ún ẹṣin! Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi XLE tàbí SE dọ́gbọ́n sí yín o. CE, LE, SE àti XLE ń sọ irú nǹkan tí wọ́n tò sínú ọkọ̀ ni. XLE oní 4-plug pọ̀, LE tó jẹ́ V6 sì wà.

Nọ́ńbà lè yí padà kí ẹ́ńjìnnì má yí padà

Kó tó di ọdún 1972, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà máa ń wọn ẹ́ńjìnnì ní ìhòòhò: wọ́n á gbé e sórí ìdúró, kò ní sàlẹ́ńsà inú ọkọ̀, alternator ò ní máa fà á, fáànù ò ní máa jẹ nínú agbára ẹ̀. Ó dájú pé nọ́ńbà náà á ga. Láti 1972 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéde èyí tí wọ́n wọ̀n pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń gbé nínú ọkọ̀. Chevrolet Corvette tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tó lítà 7.4 ní 365 lórí ìwé lọ́dún 1971. Nígbà tó di 1972, ó di 270. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì náà ṣàdédé rọ. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀.

Irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí “Big Daddy”. Nígbà tí wọ́n mú òfin ìwọ̀n le sí i, Toyota tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wọ̀n fún ọkọ̀ ọdún 2006. V6 lítà 3.0 tó jẹ́ 210 lọ́dún 2005 di 190. Ti 4-plug kúrò ní 160, ó di 154. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni o. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ti 2005 lágbára ju ti 2006 lọ, tó sì ń tìtorí ẹ̀ béèrè owó, ìwé ló ń tà, kì í ṣe agbára.

Kí lẹ máa yẹ̀ wò?

Àmì V6 tó wà lẹ́yìn búùtù ò tó ẹ̀rí, torí èèyàn lè rà á kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nọ́ńbà ṣáásí ni kí ẹ wò. Ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ó sì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níbi tí dírẹ́bà ń jókòó, àti létí ilẹ̀kùn dírẹ́bà.

Èkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, 6 ni 2006, 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Fún “Muscle” tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ìkarùn-ún: E ni 4-plug, K ni V6. Nọ́ńbà ara gíláàsì, ti ilẹ̀kùn àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ fowó yín sápò.

Ẹ tún rántí pé 268 yẹn, ti ọjọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́ ni. Ọkọ̀ tó ti rìn fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹkáníìkì tẹ́ ẹ fọkàn tán ló lè sọ èyí tó kù níbẹ̀. V6 sì ń mu epo ju 4-plug lọ, látìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà mọ́.

Nínú ìgboro, 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fàyè gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Ìdúmọ̀tà sí Ẹbúté Èrò, ta ló tiẹ̀ ń rí ìyẹn sá? Níbẹ̀, ẹṣin 268 àti ẹṣin 158, ẹ̀yìn ọmọlanke kan náà ni wọ́n jọ máa tò sí. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà jíjìn lè rí èrè V6. Ẹni tó jẹ́ pé ilé sí ọjà ló ń lọ, kó kọ́kọ́ ṣírò owó epo.