Kẹ́míkà ò pa koríko mọ́? Ẹ dán an wò nínú ọ̀rá kí ẹ tó náwó lẹ́ẹ̀kejì

Àwọn tó ń fi oko ṣòwò àti àwọn tó ń gba iṣẹ́ kẹ́míkà fínfín mọ ìṣòro yìí dáadáa. Wọ́n á fín oko, ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá, koríko kan á ṣì dúró digbí láàárín àwọn tó ti gbẹ. Olóko á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹni tó ta á á ní àwọn tó fín in ni kò mọ̀ ọ́n fín, àwọn yẹn á ní òjò ló rọ̀ lé e. Kí wọ́n tó mọ ẹni tó jẹ̀bi, wọ́n á ti ra ìgò mìíràn.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ koríko náà fúnra rẹ̀ ló fa á. Kì í ṣe pé kẹ́míkà mọ́ ọn lára o. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún koríko, a lè rí ọ̀kan tí wọ́n bí tòun ti agbára láti yè é. Bí àwọn yòókù bá kú, òun á so irúgbìn, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń fín kẹ́míkà kan náà lọ́dọọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa gba oko. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí gbégi, koríko tí gbogbo wa mọ̀ yìí. Lọ́dún 1997, wọ́n rí i ní Malaysia pé glyphosate kò pa àwọn kan nínú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ò ní kí ẹ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbégi oko yín ṣe rí. Àyẹ̀wò ló máa sọ.

Ẹ ká irúgbìn tó ti gbó lára koríko tó yè, kí ẹ sì ká irú rẹ̀ níbi tí wọn ò fín kẹ́míkà sí rí. Ẹ wá ọ̀rá méjìlá, irú tí wọ́n fi ń gbin kòkó, kí ẹ fọ́n irúgbìn oko yín sí mẹ́fà, kí ẹ fọ́n ti ibòmíràn sí mẹ́fà. Ẹ fọ́n ọn dáadáa, torí kì í hù tán. Tó bá ti yọ ewé mẹ́ta sí mẹ́rin, omi lásán ni kí ẹ fín sí ọ̀rá méjì nínú mẹ́fà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ fín sí méjì, kí ẹ fín ìlọ́po méjì rẹ̀ sí méjì tó kù. Bí ìgò bá ní mílílítà 150 sínú lítà omi 15, mílílítà 10 ló máa wọ lítà kan. Sírínjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí ìdáná wọ̀n ọ́n o. Ẹ̀rọ kan náà, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ fi fín gbogbo rẹ̀. Kí omi mọ́, nítorí erùpẹ̀ máa ń gba agbára lọ́wọ́ glyphosate, kí òjò má sì pa á. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wò ó. Bí koríko méjèèjì bá kú, ẹ̀bi kì í ṣe ti koríko, kì í ṣe ti ìgò. Ẹ bi àwọn tó fín in léèrè: ṣé omi ẹrẹ̀ ni wọ́n lò, ṣé koríko ti ga jù? Bí méjèèjì bá yè, ìgò yẹn ló ń kọni lóminú, ẹ fi ìgò ti ṣọ́ọ̀bù mìíràn dán an wò kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí ti ibòmíràn bá kú, tí ti oko yín sì dúró lórí ìwọ̀n tó yẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ koríko tí kẹ́míkà yẹn ò ràn mọ́ nìyẹn. Bó bá tún dúró lórí ìlọ́po méjì, ọ̀rọ̀ ti le. Ìlọ́po méjì yẹn, inú ọ̀rá nìkan ló mọ, ẹ má gbé e lọ sóko.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni pé àwọn èèyàn máa ń pààrọ̀ orúkọ, wọn kì í pààrọ̀ kẹ́míkà. Orúkọ mẹ́wàá lè wà lórí káńtà, kí ó jẹ́ glyphosate ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ mọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má sì tún ta paraquat tàbí atrazine fún yín: àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 1, 2024, ó sì de atrazine láti January 1, 2025. Èyí tó bá yè nínú oko, ẹ fi ọkọ́ wú u kó tó so.

Gbogbo àyẹ̀wò yìí máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìparí òjò ló dáa kí ẹ ká irúgbìn, kí ẹ máa bomi rin ọ̀rá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí èsì ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó ra kẹ́míkà ọdún tó ń bọ̀.