Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Dà Á: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Inú Ọgbà

 

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá jókòó sójú kan nínú ọgbà, tí oòrùn ń pa á, tí òjò ń rọ̀ sí i, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀, àìmọ̀kan ẹni tó ni ín lè sọ omi náà di ọ̀tá. Omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni mò ń wí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní súwímìn-púùlù. Ẹ má ṣe sọ pé, "Ọ̀rọ̀ olówó nìyẹn, kí ló kàn mí?" Nínú wa ni àwọn tó fi owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ́ ilé àlejò. Nínú wa ni àwọn tí ń ta kẹ́míkà. Nínú wa ni àwọn tí ọmọ wọn ń ṣọ́lé níbi tí adágún wà. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú adágún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Keje.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó ń ta aṣọ ní ọjà Balógun, pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ gbà mí o! Omi ti di ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe ìkómọ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì ti sanwó. Àwọn kan ní kí n fa gbogbo rẹ̀ dànù, kí n ra omi táńkà."

"Ìyá Aláṣọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má fa nǹkan kan dànù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan kan sí i títí n ó fi dé."

Àṣé ẹ̀pa ti fẹ́ bóró. Kí n tó dé ilé àlejò náà lápá Ajah, mègáàdì ti fẹ́ ran ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bu kílóríìnì oníyẹ̀fun sínú garawa, ó da ásíìdì lé e lórí, ó ní kí méjèèjì lè jọ lágbára. Èéfín tó jáde níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Mo bá a nílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń húkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. A sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ìta gbangba ló ti ṣe é. Ká ní inú yàrá kẹ́míkà ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Nítorí náà, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Kílóríìnì àti ásíìdì kì í pàdé nínú garawa kan. Bí wọ́n bá pàdé, gáàsì olóró ló ń jáde. Kílóríìnì oníyẹ̀fun àti kílóríìnì oníkóró náà kì í pàdé, nítorí pé wọ́n lè gbiná, wọ́n sì lè bú gbàù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà là ń pè wọ́n. Igbá tí ẹ fi bu ọ̀kan, ẹ má fi bu èkejì. Ẹ̀yin tí ń tà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó wọn sórí pákó kan náà, ẹ má gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ epo dísù tàbí kẹrosíìnì, ẹ má sì wọ́n ọn sínú ọ̀rá tí kò lórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fa gáàsì yìí símú, ẹ gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn tútù wà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní kó lọ sùn.

Ó kù, mo padà sídìí omi. Kì í ṣe omi ni mo kọ́kọ́ wò, pọ́ǹpù ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sáré ra kẹ́míkà nígbà tó jẹ́ pé pọ́ǹpù wọn kò ṣiṣẹ́. Omi tí kò rìn, kò sí oògùn tí yóò ràn án. Pọ́ǹpù Ìyá Aláṣọ ń pariwo, ṣùgbọ́n ibi tí omi ti ń padà wọ adágún ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù náà ń fà. Ohun méjì ló fà á. Omi adágún ti lọ sílẹ̀ ju ihò ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ń gba ewé lọ, rọ́bà róbótó abẹ́ ìdérí pọ́ǹpù sì ti sán. A bu omi kún un, a pàrọ̀ rọ́bà, a fi gíríìsì sílíkọ́ọ̀nù pa á. Kì í ṣe fasilíìnì o, fasilíìnì a máa ba rọ́bà jẹ́. A pa iná kí a tó ṣí ìdérí, a sì rọ omi kún inú pọ́ǹpù kí a tó tan iná, nítorí pé pọ́ǹpù tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsí omi nínú rẹ̀ yóò jóná.

Bí tiyín bá ń kùn hùn-ùn tí kò yí, ẹ tètè pa á. Ó lè jẹ́ iná tí kò lágbára tó, ó lè jẹ́ òkúta tó há sínú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ kàpásítọ̀. Ẹ pe rìwáyà. Kí ẹ sì ní kó fi bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò sí i. Bí ẹni tó wà nínú omi bá sọ pé nǹkan ń ta òun lára ṣìnṣìn, ẹ má ṣe awuyewuye, ẹ pa iná láti orísun, kí ẹ sì kó gbogbo ènìyàn jáde.

Lẹ́yìn pọ́ǹpù ni fílítà, ìyẹn ìkòkò ńlá tí yanrìn wà nínú rẹ̀. Nígbà tó mọ́, géèjì rẹ̀ ń ka 12. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó ń ka 22. Bí géèjì bá ti fi 8 sí 10 ga ju ti ìgbà tó mọ́ lọ, yanrìn ti kún fún ìdọ̀tí. A pa pọ́ǹpù, a yí ọwọ́ fáàfù kí omi lè gba ìsàlẹ̀ yanrìn wá sókè, kó sì kó ìdọ̀tí dà síta. A tan pọ́ǹpù padà títí omi fi mọ́ nínú gíláàsì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe yí ọwọ́ fáàfù nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ o, yóò fọ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ oògùn tó kàn. Ìyá Aláṣọ bi mí pé, "Bàbá, kóńgò mélòó ni ká dà sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, bí oníbàárà bá ní kí ẹ gé aṣọ fún òun, ṣé ẹ óò kàn gbé sísọ́ọ̀sì ni? Àbí ẹ óò kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n?"

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gígùn adágún rẹ̀ jẹ́ mítà 8, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Ibi tí kò jìn jẹ́ mítà 1, ibi tó jìn jẹ́ mítà 2. Àárín méjèèjì jẹ́ mítà 1.5. Ẹ fi 8 lọ́nà 4 lọ́nà 1.5, ó di 48. Lítà 48,000 nìyẹn. Fún omi tó tó báyìí, nǹkan bíi gíráàmù 75 kílóríìnì oníyẹ̀fun tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65 nínú 100 ni yóò fi míligíráàmù 1 kún kílóríìnì inú lítà kọ̀ọ̀kan. Omi tí ènìyàn fẹ́ wẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní 1 sí 3. pH rẹ̀, èyí tí ń sọ bí omi ṣe kan sí, gbọ́dọ̀ wà láàárín 7.2 sí 7.8. Bí pH bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kílóríìnì yóò wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè jà dáadáa. Bébà ìdánwò tí à ń tì bọ omi ni yóò sọ méjèèjì fún yín.

Omi tó ti di àwọ̀ ewé kò gbọ́ 3. Ewé omi wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló kún inú rẹ̀. Mègáàdì kejì fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, a wọn gíráàmù 750, èyí tó tó 10. A pò ó díẹ̀díẹ̀ sínú garawa omi mímọ́, a sì dà á yí adágún ká. Alẹ́ là ń dà á, nítorí pé oòrùn a máa pa kílóríìnì. A fi pọ́ǹpù sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, bébà ka òdo. Ewé omi ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. A tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ka 3, omi ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó funfun bí omi ògì. Ewé tó ti kú nìyẹn, fílítà ni yóò kó o. A fọ fílítà, a tún da oògùn ní alẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a rí ìsàlẹ̀ kedere. Bébà ka 2. Mo da 5 sí i, a lọ sùn.

Lówùúrọ̀ Sátidé, omi ń dán bí dígí. Àwọn ọmọ àlejò ti ń bọ́ aṣọ. Mo ti bébà bọ ọ́, ó ka 6. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́.

"Bàbá, omi tó mọ́ gaara yìí! Kí ni n ó sọ fún oníbàárà?"

"Ìyá Aláṣọ, ojú kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ẹ ní kí wọ́n jẹun ná."

Ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Oòrùn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bébà ka 3. Àwọn ọmọdé bẹ́ sínú omi, ayọ̀ sì kún inú ọgbà.

Ẹ ò rí i? Omi tó mọ́ lójú lè ní oògùn jù, ó sì lè má ní rárá, kí àìsàn ìgbẹ́ gbuuru ti ibẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni imú náà ń tan ni jẹ. Bí omi bá ń rùn gan-an, tí ojú àwọn tó wẹ̀ ń ta wọ́n, ọ̀pọ̀ yóò ní kílóríìnì ti pọ̀ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti kéré jù ni. Òógùn àti ìtọ̀ ló ti bá a jà, òórùn ìjà wọn là ń gbọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n wò, kí ẹ sì ní kí ènìyàn fi omi ṣan ara kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí n kò jẹ́ kí ó fa omi náà dànù. Ilẹ̀ àbàtà ni ilẹ̀ ibẹ̀, àkókò òjò sì ni. Omi wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń ti adágún sókè, ìwúwo omi inú rẹ̀ ló dì í mú. Bí ẹ bá fa á gbẹ, adágún lè sán, ó sì lè léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Owó ilé nìyẹn, kì í ṣe owó omi.

Omi bọ́ọ̀hóòlù náà ní tirẹ̀. Ará wa kan ní Ìkòròdú da kílóríìnì sí omi tó mọ́ lóló, ó sì pọ́n bí omi tíì. Ó rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Rárá o. Irin tó yòrò sínú omi abẹ́ ilẹ̀ ló pàdé kílóríìnì tó sì di ìpẹtà. Álọ́ọ̀mù ni ó fi mú un rọ̀ sílẹ̀ mọ́jú, pọ́ǹpù sinmi, ó wá rọra fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ síta láìjẹ́ kó gba inú fílítà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló wúwo jù. Ọmọ tó ń rì sínú omi kì í sábà pariwo. Ẹ fi ọgbà tó ga tó mítà 1.2, ó kéré tán, yí adágún ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé. Ẹ kó ohun ìṣeré ọmọdé kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ máa wo ìdérí ihò ìsàlẹ̀ tí pọ́ǹpù ń gbà fa omi. Bí ó bá fọ́, ó lè fa irun tàbí ara ọmọ mọ́ra, kó má sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré: ní ọdún 2007, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó kan ìdérí yìí. Bí ìdérí yín bá ti fọ́, ẹ ti adágún pa títí ẹ óò fi pàrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Aláṣọ ti ra ìwé kékeré kan. Bí a ṣe ń kọ owó sínú ìwé ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kọ kílóríìnì, pH àti géèjì sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Mègáàdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú yẹn ló ń kọ ọ́. Nígbà tí mo yà kí wọn láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ dán an wò. Mo ní, "Ọmọ mi, bu díẹ̀ sí i, omi yìí kò dán tó."

Ó wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná."

Ẹ̀yin ará, bẹ́ẹ̀ náà ni kí gbogbo wa máa ṣe.