Inú Àwọ̀n

Inú Àwọ̀n ni orúkọ tí mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ èrò ọkàn mi sí. Ní Ìrẹ̀lẹ̀ níhìn-ín, bí ènìyàn bá gbọ́ àwọ̀n, ẹja ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí. Àwọ̀n tèmi kì í ṣe ti apẹja.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Finidi George ta bọ́ọ̀lù sí iwájú ilé Bulgaria, Rashidi Yekini sì gbá a sáwọ̀n. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé nìyẹn. Yekini sáré wọ inú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú rẹ̀, ó dì í mú, ó sì ń ké.

N kò tíì dáyé nígbà náà. Fídíò ni mo ti wò ó, ní ọdún tí mo kùnà ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi bàbá mi pé, kí ló dé tí ẹni tó borí ń ké bí ẹni tó ṣòfò?

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, láti ọdún 1960 ni a ti ń wá ọ̀nà wọ ìdíje yẹn. Ẹni tí nǹkan pẹ́ fún ni ayọ̀ ń pa lẹ́kún.”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ìwé mi lórúkọ.

Yekini gbá góòlù 37 fún Nàìjíríà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó kú ní ọdún 2012. Èmi yege ní ìgbà kẹta. N kò rí ọ̀rọ̀ kan kọ lọ́jọ́ náà. Mo di ìwé náà mú, mo sì sunkún.