Ọmọ Yunifásítì Nínú Ọgbà: Iṣẹ́ Ìsinmi Tí Ọ̀pọ̀ Òbí Kò Kà Sí Iṣẹ́

Bí àwọn ọmọ yunifásítì bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní agbègbè wa níhìn-ín, láti Navy Town dé Ìbà àti Òkókómaikò, kò ṣòro láti mọ ibi tí wọ́n máa ń gbà lọ. Àwọn kan a gba ọjà Alábà lọ, wọn a máa bá ọ̀gá kan ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti wáyà iná. Àwọn mìíràn a wá ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọn a máa ṣe ẹ̀dà ìwé, wọn a sì máa lọ ra oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn àgbà ibẹ̀. Àwọn díẹ̀ sì wà tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà ní kùtùkùtù, tí wọ́n ń mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́, tí wọ́n ń forí lé ọgbà. Ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìmọ̀ nípa ewéko ló ń kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní LASU. Nígbà tó sọ pé inú ọgbà ẹ̀kọ́ kan ni òun fẹ́ ti lo ìsinmi òun, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn nínú ẹbí. Bàbá rẹ̀ ti bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Alábà. Owó wà níbẹ̀, owó ilé-ìwé sáà tó ń bọ̀ sì ti ń wo gbogbo wa lójú. Ìyá kan ládùúgbò wa gbọ́ sí i, ó bi mí léèrè pé: “Àǹtí, ṣé torí kó lè máa tu koríko lẹ ṣe rán ọmọ lọ sí yunifásítì ni?”

Ìyá náà kò sọ ọ́ láti fi wá ṣẹ̀sín. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí tó bí wa ló fi oko sílẹ̀ kí àwa lè di akọ̀wé, ọkọ́ sì ni ohun tí wọ́n ní kí a má padà sí. Bí ọmọ bá wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sídìí ọkọ́, ó yẹ kí ẹni tó ń san owó ilé-ìwé béèrè ìdí. Ìdí náà ni mo fẹ́ sọ.

Ọgbà tí mo ń sọ kì í ṣe ọgbà òdòdó iwájú hòtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń gé koríko mọ́lẹ̀ bí irun orí ọmọ ilé-ìwé. Ọgbà tí a dá kí ẹ̀dá alààyè lè rí ibùgbé ni. Ewéko ilẹ̀ wa ló pọ̀ jù níbẹ̀: akòko, pèrègún, ẹ̀pín, ewúro. Adágún kékeré kan á wà fún ọ̀pọ̀lọ́ àti lámilámi. Igi tó bá ti kú, wọn kì í tètè kó o dànù, nítorí kòkòrò ń gbé inú rẹ̀, ẹyẹ sì ń wá kòkòrò. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní àwọn tó ni ọgbà náà ya ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbin ọsàn sẹ́yìn ilé mọ kòkòrò kan tó máa ń jẹ ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́. Nígbà tó bá kéré, ó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Bó bá dàgbà, á di aláwọ̀ ewé, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo méjì pupa síta, òórùn rẹ̀ á sì gba imú. Púpọ̀ nínú wa ló ń tẹ̀ ẹ́ pa. Kòkòrò yìí ló ń di labalábá ńlá dúdú tó ní àmì ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, èyí tí àwọn ọmọ wa máa ń sáré lé kiri. Ẹ tún wo bọmubọ́mu, igi tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi oje rẹ̀ mú wàrà dì. Ewé rẹ̀ ní májèlé nínú, síbẹ̀ ọmọ labalábá kan wà tó jẹ́ pé òun ló fi ń ṣe oúnjẹ. Májèlé náà á wọ ara rẹ̀, ẹyẹ tó bá sì tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ tọ́ irú rẹ̀ wò mọ́. Nínú ọgbà ẹ̀kọ́, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ gbin ọsàn àti bọmubọ́mu fún kòkòrò láti jẹ. Ẹ ò rí i pé ó yàtọ̀ sí oko?

Kí wá ni iṣẹ́ ọmọ níbẹ̀? Òótọ́ ni pé ó ń tu koríko. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó tu ú, yóò ti kà á. Ọmọ wa ní férémù igi onígun mẹ́rin kan, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró. Wọ́n á dìbò yan ibi tí wọn yóò gbé e lé nínú ọgbà, nítorí bí wọ́n bá ń gbé e sí ibi tó wu ojú wọn, òdodo ọgbà náà kò ní hàn. Ohun gbogbo tó bá hù sínú férémù náà, wọ́n á kà á, wọ́n á kọ iye rẹ̀ àti irú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á padà síbẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á wo iye òjò tó rọ̀ lóru nínú ìgò tí wọ́n sàmì sí lára. Bí oòrùn bá ràn, wọ́n á rìn lójú ọ̀nà kan náà, ní wákàtí kan náà, wọ́n á máa ka labalábá. Iṣẹ́ náà a máa súni. Ó sọ fún mi pé ní ọjọ́ kan, òun ka labalábá fún wákàtí kan, ẹyọ méjì péré ni òun rí, ọ̀gá òun sì ní kí òun kọ “méjì” sílẹ̀, kí òun má ṣe fi ìkankan kún un láti fi mú ìwé náà dára. Nínú gbogbo ohun tó mú bọ̀ wálé nínú ìsinmi yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Èrò pé inú ọgbà ni a ti ń kọ́ ọmọ kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1673, ẹgbẹ́ àwọn apòògùn ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Chelsea kí àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ wọn lè fojú rí ewé tí wọn yóò máa fi ṣe oògùn. Ọgbà náà wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn onísègùn tiwa náà kò jókòó sínú yàrá kọ́ ọmọ-ẹ̀kọ́. Wọ́n á rán an lọ já ewé, bó bá sì já èyí tí kò tọ́ wá, wọ́n á dá a padà sínú igbó. Nígbà tí yunifásítì dé ilẹ̀ wa, àwọn náà dá ọgbà ewéko sílẹ̀: Ìbàdàn ní, Yunifásítì Èkó ní Akọka ní, Ilé-Ifẹ̀ náà ní.

Ní Ìbàdàn ni a ti rí ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bí. Ní ọdún 1958, J. H. Elgood, ẹni tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ibẹ̀, ṣe àpèjúwe ẹyẹ kan tí àwọn onímọ̀ kò tíì fún lórúkọ rí. Ìbátan ẹ̀gà ni, dúdú, tí pupa wà ní orí àti àyà rẹ̀. Orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sí ibi tí ó ń gbé ní gbogbo àgbáyé ju ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ, ọ̀kan nínú ibi tí a sì ti ń rí i ni igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 lórí ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà. Púpọ̀ nínú igbó ibẹ̀, orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko rí ló ti tún hù nítorí pé wọ́n dáàbò bò ó. Bí kò bá sí àwọn tí ń jí ní kùtùkùtù láti ka ẹyẹ, ta ni yóò mọ̀ bóyá ẹyẹ yìí ṣì wà tàbí ó ti tán?

Ọ̀rọ̀ kàn wá níhìn-ín ju bí a ti rò lọ. Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti agbègbè rẹ̀, yanrìn àti àbàtà ni, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn wa. Ibi tí ògùrọ̀ wà nígbà kan, yanrìn ni wọ́n ń rọ́ dí i báyìí kí wọ́n lè kọ́lé lé e. Rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Òkókómaikò ni òpin ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. N kò lòdì sí i o. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì kò ní lòdì sí rélùwéè. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin bá dé, ilé yóò tún pọ̀ sí i, àbàtà yóò sì dín kù. Ẹni tí yóò kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ìsinyìí ni yóò kọ ọ́.

Ojú oró àti òṣíbàtà tí a ń dárúkọ nínú àdúrà, mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló lè fọwọ́ tọ́ka sí wọn lójú omi? Ohun tí wọ́n mọ̀ lójú omi ni koríko olódòdó àwọ̀ àlùkò tó ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní water hyacinth. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ lórí omi Àgbádárìgì, lẹ́yìn tó gba ọ̀nà omi láti ilẹ̀ Benin wọlé, kó tó di pé ó tàn kálẹ̀ dé ọ̀sà Èkó àti ọ̀nà jíjìn. Àwọn apẹja wa ṣì ń bá a jà. Ohun tó jẹ́ kí a mọ ọdún tó dé ni pé ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́, tó mọ ewé omi yìí yàtọ̀ sí ewé omi yẹn.

Ìjọba Èkó náà ń gbin igi. Láti ọdún 2008, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n igi tí a gbìn lójú òjò nílò ẹni tí yóò bomi rin ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá kú, kí a lè mọ èyí tí ilẹ̀ oníyanrìn wa gbà àti èyí tí kò gbà.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Àwọn ọmọ kan ń ṣe iṣẹ́ ọgbà gẹ́gẹ́ bí ara ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní “IT”. Máàkì wà níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀gá ń buwọ́ lù sì wà. Ọmọ wa kò tíì dé ìpele yẹn, ìsinmi lásán ni tirẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n sì ń fún un. Ní tèmi, kò dára tó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń wọ inú ìwé ìwádìí yẹ kó gba nǹkan tó ju owó kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, ọmọ tálákà ni irú ètò bẹ́ẹ̀ sì ń lé sẹ́yìn jù. Kí òbí tó gbà, kí ó béèrè ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ náà lójoojúmọ́, bóyá yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ tàbí ọkọ́ nìkan ni yóò mú, àti bóyá wọ́n ń pèsè bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́. Ejò wà nínú ọgbà. Kí ó béèrè ilé ìwòsàn tí wọn yóò gbé ọmọ lọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ́ nìkan bá ni, ìbéèrè ìyá aládùúgbò wa tọ̀nà, Alábà sì sàn jù. Nínú ẹbí tiwa, bàbá rẹ̀ gbà níkẹyìn pẹ̀lú àdéhùn: ọjọ́ mẹ́rin nínú ọgbà, ọjọ́ méjì ní Alábà. Ó tẹ̀ lé e títí ìsinmi fi parí. Ó rẹ̀ ẹ́ o.

Ohun tó kó gbogbo ilé wọ iṣẹ́ náà ni ewé gbígbẹ. Ewé tí wọ́n bá já, wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á fi pátákó méjì há a, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́, nítorí bí òjò bá ń rọ̀, ewé á hu èébu kíákíá. Bó bá gbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé líle, wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́, àti orúkọ rẹ̀ ní èdè onímọ̀ àti ní Yorùbá sí i. Ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí nípa igbó, irú ewé bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ láti ìgbà ìjọba òyìnbó, èèyàn sì ṣì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò.

Orúkọ Yorùbá ló fa wàhálà. Àwọn ìwé kì í fìgbà gbogbo ní in, nítorí náà ìyá wa àgbà ló ń pè. Ní ọjọ́ kan, ó fi ewé kan hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kó gbé e súnmọ́ imú àwọn dáadáa. Ó di dandan kó gbé e lọ bá wọn nílé. Wọ́n rún un lọ́wọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní: “Akíntọ́lá mà nìyí, èyí tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró.” Ewé àjèjì ni, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ó sì ń gba ilẹ̀ mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́ nínú ọgbà, nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé, bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, ní ìlú tàwọn, Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pe ewé náà. Ọmọ náà kọ méjèèjì sórí káàdì. Akíntọ́lá ló wà lókè, nítorí ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́, bàbá rẹ̀ kò sì tíì gbà.