Sàláàdì Àwọn Kòráà Nínú Àwo Ìbàdàn

A ti kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé. Ẹ jẹ́ ká wá fi ìwé kíkà wa ṣe oúnjẹ lónìí.

Ẹ wo orí pẹpẹ nínú ilé yín. Bóyá búrẹ́dì kan wà níbẹ̀ tí ẹ rà níjẹta. Ó ti gbẹ. Àwọn ọmọ ò fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i? Ẹlòmíràn á rún un fún adìẹ. Ẹlòmíràn á jù ú sí ààtàn. Bẹ́ẹ̀, owó la fi rà á.

Àwọn kan wà tí wọn kì í da irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ nù. Oúnjẹ tí wọ́n lè gbé fún àlejò ni wọ́n ń fi ṣe. Àwọn wo nìyẹn? Àwọn ará Lẹ́bánónì ni.

TA NI ÀWỌN ARÁ LẸ́BÁNÓNÌ?

Lẹ́bánónì jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré kan ní etí Òkun Mẹditaréníà, ní ìhà ìlà-oòrùn òkun náà. Beirut ni olú-ìlú rẹ̀. Òkè pọ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òkè ti pọ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín.

Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn oníṣòwò láti Lẹ́bánónì àti Síríà wá bá wa gbé. Wọ́n ń ta aṣọ àti oríṣìíríṣìí ọjà ní Gbági. Nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní ọdún 1929, wọ́n ti ń tajà nílùú yìí. Kòráà ni àwọn bàbá wa ń pè wọ́n. Títí di òní, òpópónà kan wà ní àdúgbò Dùgbẹ̀ tí à ń pè ní Lebanon Street. Orúkọ ìlú wọn ló ń jẹ́.

OÚNJẸ TÍ À Ń SỌ

Fattoush ni orúkọ oúnjẹ náà. Ẹ pè é báyìí: fa-túù-ṣì. Inú ọ̀rọ̀ èdè Lárúbáwá kan tó túmọ̀ sí kí a rún nǹkan wẹ́wẹ́ ni orúkọ náà ti jáde. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ti gbẹ ni wọ́n ń rún. Wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n dín in títí á fi máa pariwo lẹ́nu. Wọ́n á pò ó mọ́ tòmátì, kùkúńbà, àlùbọ́sà àti oríṣìíríṣìí ewé tútù. Wọ́n á fún ọsàn kíkan sí i, wọ́n á da òróró èso ólífì lé e. Ní ìparí, wọ́n á bu ìyẹ̀fun pupa kan tó kan wọ́n ọn lórí. Sumac ni wọ́n ń pe ìyẹ̀fun náà. Èso igi kan ni wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Iṣu tí a kò fẹ́ kó bàjẹ́, ṣebí èlùbọ́ la ń sọ ọ́ dà? Ẹni tó mọ iyì oúnjẹ kì í kánjú da oúnjẹ nù.

ÀSÌKÒ RẸ̀

Láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, ooru ńlá á ti lọ ní Lẹ́bánónì, òtútù ò sì tíì dé. Ìgbà náà ni wọ́n ń ká èso ólífì, tí elégédé sì ń wọ ọjà. A lè yan elégédé yìí, kí a fi kún sàláàdì.

Nílé tiwa ńkọ́? Oṣù kan náà ni òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ ò sì tíì dé. Ẹ dé Ọjà'ba nígbà náà. Elégédé á wà nílẹ̀ gbọ̀ngbọ̀nrọ̀n. Ìgbá á wà nínú agbọ̀n. Ọsàn á ti máa pọ́n. Ìṣápá pupa náà ń bọ̀ lọ́nà. Kò sí ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó tí kò sí nínú àpò ṣòkòtò wa.

OHUN TÍ ÌYÁ ELÉLÉGÉDÉ SỌ

Ẹ jẹ́ ká wo ìyàwó kan tó ti Bẹẹrẹ gòkè wá sí Ọjà'ba ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá wa."

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. Kí ni kí n bá ọ dì?"

"Ẹ bá mi gé elégédé, mà. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n dáadáa ni kẹ́ ẹ fún mi."

"Ọbẹ̀ lo fẹ́ fi sè?"

"Rárá, mà. Sàláàdì ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo fẹ́ pò ó mọ́ ewé tútù."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ewé tútù kẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ bọ́ ni, àbí ọkọ rẹ?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ojú ìyá le. Ó ní: "Àwàdà ni mò ń ṣe o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ewé tútù ń bà mí lóòótọ́. Ìyá tó bí mi kì í jẹ́ ká jẹ ohun tí iná ò bá kàn, àfi èso tí a lè bó. Ìgbà tí onígbáméjì jà, ojú wa rí nǹkan."

Ẹ̀yin ará, ìyá yìí ò ṣì sọ. Ní òpin ọdún 1970 ni onígbáméjì wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1971, ó pa ènìyàn púpọ̀. Omi ẹlẹ́gbin àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin ló ń gbé e kiri. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti aràn inú náà ń gba ọ̀nà kan náà wọlé sí wa lára. Odò tó bá la ìlú kọjá, bí Ògùnpa, ń ru ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ àdúgbò. Bí a bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ bomi rin ewé, tàbí tí a fi fọ̀ ọ́ lọ́jà kó lè máa dán, ewé náà á rẹwà lójú, àrùn á sì wà lára rẹ̀.

Iná ló ń gbà wá nínú ọbẹ̀ wa. Bí ọbẹ̀ bá hó dáadáa, kòkòrò àrùn á kú. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ jẹ ohun tí a kò sè, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ iná. Kí ni nǹkan náà? Ọwọ́ mímọ́, omi tí a ti sè, bíbó èèpo, àti kí a jẹ oúnjẹ náà kíákíá.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Èmi ti fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́, ó parí." Kò parí o. Iyọ̀ lè lé kòkòrò tí a ń fojú rí jáde lára ewé. Ṣùgbọ́n a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò pa kòkòrò àrùn tí ojú wa kò rí.

Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é nínú ìwé yìí, a ó jẹ́ kí iná kan èyí tó bá ṣeé ṣe kó kàn, bó ti wù kó kéré mọ. Èyí tí a kò bá fẹ́ kí iná kàn, a ó bó èèpo rẹ̀.

OHUN TÍ A Ó LÒ FÚN ÈNÌYÀN MẸ́RIN TÀBÍ MÁRÙN-ÚN

Búrẹ́dì gbígbẹ, ègé 4.
Elégédé, ègé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.
Tòmátì tó le, 4.
Kùkúńbà ńlá, 1.
Ìgbá funfun, 2.
Àlùbọ́sà kékeré, 1.
Ewé pápàsán, ẹ̀kúnwọ́ kan.
Ewé efinrin, 5.
Ọsàn wẹ́wẹ́, 2.
Òróró ẹ̀pà, ṣíbí ìjẹun 3.
Aáyù, ọmọ 1.
Iyọ̀, ìlàjì ṣíbí tíì.
Ìṣápá pupa gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, ṣíbí tíì 1.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan mẹ́ta. Èkíní: pápàsán tí à ń rí lóko àti lẹ́yìnkùlé wa, òun gan-an ni àwọn ará Lẹ́bánónì ń fi sí fattoush tiwọn. Ewé rẹ̀ nípọn, igi rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń nà sílẹ̀ bí ẹní. Ẹ má ṣe já èyí tó hù létí gọ́tà. Ewéko mìíràn wà tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tó ń ṣe oje funfun bíi wàrà bí a bá ṣẹ́ ẹ. Ìyẹn kì í ṣe pápàsán. Ẹ jù ú nù, nítorí oje rẹ̀ lè pani lára.

Èkejì: ewé míńtì ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ìdílé kan náà ni òun àti efinrin wa. Ṣùgbọ́n òórùn efinrin lágbára, nítorí náà ewé 5 ti tó.

Ẹ̀kẹta: a kò ní sumac. Ìṣápá pupa, tí àwọn Hausa fi ń ṣe sóbò, lè rọ́pò rẹ̀. Ó pupa, ó sì kan bíi tirẹ̀.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín. Ẹ fọ ọ̀bẹ, pátákó àti abọ́. Ẹ má ṣe lo pátákó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹran lórí rẹ̀.

2. Ẹ se omi títí yóò fi hó. Ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ dé e, kó tutù. Òun ni ẹ ó fi ṣan nǹkan yòókù.

3. Ẹ bó elégédé, ẹ gé e bí ìwọ̀n ṣúgà onígun. Ẹ fi ṣíbí òróró 1 àti iyọ̀ díẹ̀ pa á lára. Ẹ dà á sínú agbada, ẹ dé e, kí ẹ máa yí i lórí iná díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ọ̀bẹ bá ti ń wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti jinná. Ẹ jẹ́ kó tutù.

4. Ẹ fọ pápàsán àti efinrin ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí iyẹ̀pẹ̀ tán lára wọn. Ẹ rì wọ́n sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bọ ẹ̀fọ́. Ẹ yọ wọ́n sínú omi sísè tó ti tutù, kí wọ́n má baà rọ̀ jù. Ẹ fún omi ara wọn dànù.

5. Ẹ ju tòmátì sínú omi tó ń hó náà fún ìṣẹ́jú kan. Èèpo rẹ̀ á máa ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ bó o. Ẹ fọ kùkúńbà, ìgbá àti àlùbọ́sà, ẹ bó wọn. Ẹ fi omi sísè tó ti tutù ṣan wọ́n, kí ẹ gé gbogbo wọn wẹ́wẹ́.

6. Ẹ já búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́. Ẹ yan án nínú agbada gbígbẹ títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì le. Búrẹ́dì tó gbẹ la wí o, kì í ṣe èyí tó ti bu. Bí ẹ bá rí ebu funfun tàbí aláwọ̀ ewé lára rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gé ibẹ̀ kúrò, ẹ da odindi rẹ̀ nù.

7. Ẹ gún aáyù mọ́ iyọ̀ tó kù. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ da òróró tó kù sí i, kí ẹ rò ó pọ̀.

8. Ẹ kó ohun gbogbo sínú abọ́ ńlá, àyàfi búrẹ́dì. Ẹ da omi ọsàn olóròóró yẹn lé e. Ẹ fi ṣíbí pò ó.

9. Nígbà tí ẹnu gbogbo bá ti ṣetán láti jẹun ni kí ẹ tó da búrẹ́dì sí i. Bí ẹ bá yá jù, omi tòmátì á rẹ ẹ́, á sì di ẹ̀kọ. Ẹ bu ìyẹ̀fun ìṣápá wọ́n ọn.

ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀

Inú elégédé pọ́n nítorí ohun kan tí ara wa máa ń sọ di fítámì A. Ọmọ tí fítámì yìí bá wọ́n lára rẹ̀ lè má ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ṣùgbọ́n ara kì í lè gba ohun yìí dáadáa bí kò bá sí òróró nínú oúnjẹ. Òróró inú sàláàdì yìí kì í ṣe fún adùn nìkan. Fítámì C wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátì. Ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà nínú ewé.

Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó jẹ pápàsán.

Ẹ jẹ sàláàdì yìí tán lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e pamọ́ di ọjọ́ kejì.

Ìyàwó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá elélégédé: bí òun ó ṣe bọ ewé, bí òun ó ṣe bó tòmátì. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó fi ègé elégédé kékeré kan ṣe èènì fún un.

"Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀," ló wí, "bu tèmi pamọ́. Ọ̀la ni mò ń bọ̀ nílé yín."

"Ẹ má jẹ́ kó dọ̀la, mà," ni ìyàwó dá a lóhùn. "Tòní ni wọ́n ń jẹ."

ÌBÉÈRÈ FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń KÀ Á PAPỌ̀

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín búrẹ́dì tó gbẹ àti èyí tó ti bu?
2. Kí ló dé tí omi iyọ̀ nìkan kò tó láti fi fọ ewé?
3. Kí ló dé tí a fi ń da búrẹ́dì sí i kẹ́yìn?
4. Oúnjẹ wo nínú ilé yín ni ẹ máa ń dà nù, tí ẹ lè fi ṣe nǹkan mìíràn? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ kà á fún ẹgbẹ́ yín.